Ìwé Mẹ́fà Tí O Dá Padà, àti Ọ̀kan Tí O Ń Wá

Abúlé Olókùúta,
Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí Ààwẹ̀ wọlé.

Qaanitah ọmọ mi, ọmọ Àlímọ̀t,

Àsàlámù àlékùn. Kí ìwé yìí tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, jọ̀wọ́ kọ́kọ́ wá ibi tó dára jókòó sí. Àǹtí rẹ Àdìjátù sọ fún mi pé orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmàgbò lo ti máa ń kàwé, tí àwọn aláàárù á máa gbé ẹrù kọjá lórí rẹ, mi ò sì fẹ́ kí ẹrù aṣọ já lu ọmọ mi nítorí ìwé tí èmi kọ. Ṣé o ti jókòó? Ó dára. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun, ṣé ò ń kírun lásìkò, ṣé òjò kò jò sínú yàrá tí ẹ ń sùn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó mọ́? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò nílé ní ẹsẹ̀ méjì yóò mú ọ padà wálé ní ẹsẹ̀ méjì. Èkó kò ní gbé ọ mì. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire ọjà, orúkọ rẹ kò ní wọ́n níbẹ̀. Èmi náà wà, a dúpẹ́. Eékún ń dùn mí bó ṣe máa ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé mọ́sálásí.

Ilé dára. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan kú, méjì tó kù ti ń jẹ aṣọ tí mo bá sá. Atẹ́gùn ká páànù ẹ̀yìnkùlé, èmi àti Kọ́lápọ̀ ọ̀rẹ́ mi òdìkejì ọ̀nà sì ti kàn án padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtàǹpàkò Kọ́lápọ̀ ni òòlù bà ju ìṣó lọ. Ó ní kí n kí ọ. Ó ní ṣé o ṣì máa ń ka bébà tí wọ́n fi di àkàrà kí o tó jẹ àkàrà.

Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin tó ń gbé inú fóònù yẹn ló gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kí i, mo béèrè ilé àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó bá mi sọ fún ọ pé kò sí nǹkan, ohùn rẹ lásán ni mo fẹ́ gbọ́. Kọ́lápọ̀ ní kì í ṣe èèyàn, ẹ̀rọ ni. Mo ní bí ẹ̀rọ bá ń dá mi lóhùn, àwọn èèyàn ńkọ́? Má jẹ́ kó dùn ọ́ o. Mo mọ̀ pé ọjà ni.

Ní ti páálí ìwé tí o fi rán awakọ̀, ó dé láìfarapa, àfi ọ̀kan tí omi wọ̀. Nínú bébà kékeré tí o kọ mọ́ ọn, o ní àǹtí rẹ ló ra ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, kí ojú rẹ lè là, kí o lè mọ bí wọ́n ṣe ń pe oníbàárà. O ní o ti kà wọ́n tán, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣoríire kó máa tètè jí. O ní ìyá rẹ ń jí ní aago mẹ́rin láti ìgbà tí o ti gbọ́njú títí tó fi kú, kí àwọn tó kọ ìwé wá sọ ohun tó kù tí kò ṣe. O ní kí n fi wọ́n di ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dùn mí, torí òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mi ò fi wọ́n di ẹ̀pà. Lákọ̀ọ́kọ́, ìwé Òyìnbó ni, mi ò mọ ibi tí orúkọ Ọlọ́run lè wà nínú rẹ̀, kí n má lọ fi orúkọ Ọlọ́run di ẹ̀pà aláta. Èkejì ni pé ìwọ tí o ń ka bébà àkàrà, tí o ń ka ara páálí ọṣẹ, tí o ka ìwé ìdìbò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri títí òjò fi wẹ̀ ẹ́ dànù, bí ìwọ bá dá ìwé mẹ́fà padà, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ìwé náà fi ṣe ọ́. Mo bá bẹ Tísà Ọláyínká, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ wa, pé kó máa wá lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kó máa túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ọsàn ni mo fi ń dá a lọ́lá. Ohun tó bá túmọ̀ ní Jímọ́ọ̀, èmi á fi ṣe iṣẹ́ títí di Jímọ́ọ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní oògùn, kó lò ó ná kó tó bú u.

Èyí àkọ́kọ́, Tísà ní ká pè é ní Jí Ṣáájú Ayé. Ó ní kí èèyàn máa jí ní aago márùn-ún ìdájí fún ogójì ọjọ́, ayé rẹ̀ yóò yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí dà mí láàmú. Ní aago márùn-ún, èmi ti ṣe àlùwàlá, mo ti wà lọ́nà mọ́sálásí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jí nígbà tí mi ò sùn? Mo rò ó títí, mo sì rí ọgbọ́n dá sí i: bí mo bá jí ní aago mẹ́rin, màá padà lọ dùbúlẹ̀, màá di ojú, tó bá di aago márùn-ún géérégé, màá tún jí. Mo ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún oorun gbé mi lọ, àwọn jámáà kírun Àsùbáà tán, Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn wò bóyá mo ti kú. Tísà ní ó jọ pé àwọn tí kì í jí ni wọ́n kọ ìwé náà fún. Mo ní kí wọ́n kọ bẹ́ẹ̀ sí iwájú ìwé nígbà náà, kí wọ́n yé da àwọn tó ti jí láàmú.

Ìkejì ní kí èèyàn dúró níwájú dígí ní àràárọ̀, kó wo ojú ara rẹ̀, kó sì máa yin ara rẹ̀ sókè. Mo ní oríkì nìyẹn, wọ́n kàn gbé e gba ẹ̀yìn ilé ni. Dígí ìyá rẹ ṣì wà níbi tó so ó kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Gíga tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, nítorí náà ó di dandan kí n bẹ̀rẹ̀ kí n tó rí ojú ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ní Àlàó. Ohùn náà jáde, kò jọ nǹkan kan. O mọ bí ìyá rẹ ṣe máa ń pè é láti ibi ààrò, tó máa fà á gùn bí ẹni ń fa omi kànga, tí èmi á ti mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná. Mo tún un pè, Àlàó, mi ò dé ibi ọmọ ta ni tí mo fi nàró kúrò níwájú dígí. Ẹnu ẹlòmíràn la fi ń gbọ́ oríkì, kò sí bí dígí ṣe lè bá èèyàn ṣe é. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, Qaanitah. Mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ìkẹta ni mo ti hùwà òmùgọ̀. Ìwé náà ní kí èèyàn kọ orúkọ gbogbo àwọn tó yí i ká, kó sì fagi lé ẹnikẹ́ni tí kò bá fi nǹkan kún un. Mo mú bíírò, mo kọ orúkọ àwọn tó yí mi ká. Kọ́lápọ̀. Mo dúró bóyá n ó rántí ẹlòmíràn, mi ò rántí. Mo wá bi ara mi pé kí ni Kọ́lápọ̀ ń fi kún mi? Ó ń mu tíì mi, ó ń rẹ́ mi jẹ nídìí ayò, ìtàn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jí ní ọdún tí a bí ọ ló sì ń sọ fún mi lójoojúmọ́. Mo fagi lé e. Nígbà tó dé ní ọ̀sán, mo sọ fún un pé kó má wá mọ́. Ó ní ṣé ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ láìbá mi jiyàn, èyí tí kò ṣe rí láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sinmi. Ọjọ́ kejì, mo gbọ́ aago ara ògiri, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó máa ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta, mo kí ewúrẹ́ káàsán, mo sì dúró kó dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ bẹ Kọ́lápọ̀. Ó jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ó ní òun náà ti fagi lé èmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò ní ìwé tí òun lè fà á sí. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí rẹ̀ padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn kẹ̀kẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ tán bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Ìkẹrin ní fọ́ọ̀mù lẹ́yìn, mo sì ti bá ọ kọ ọ́ kó má baà pẹ́ jù. Wọ́n ní níbo ni mo fẹ́ wà ní ọdún márùn-ún sí i. Mo kọ ọ́ pé bí Ọlọ́run bá gbà, lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé mi, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi lẹ́yìn mọ́sálásí, kò jìnnà síra. Wọ́n ní kí ni ohun mẹ́ta tó ń dí mi lọ́nà, mo kọ eékún, mo kọ páànù, mo kọ Èkó. Wọn kò fi ibi tí fọ́tò máa wà hàn, ṣùgbọ́n mo lẹ pásípọ́ọ̀tù mi mọ́ igun òkè, torí mo mọ̀ pé kò sí fọ́ọ̀mù tí kò ní béèrè rẹ̀ níkẹyìn. Ó wà nínú àpòòwé yìí. Bá mi fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn níbẹ̀ yẹn, kí o sì gba rìsíìtì. Ìkarùn-ún ni èyí tí omi wọ̀, ewé rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, Ọlọ́run ló mọ ohun tó fẹ́ ká ṣe.

Ẹ̀yìn ìkẹfà ni mo ti rí ìwé ìdána rẹ.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Tísà ti gba ìsinmi, ó lọ kí ìyá rẹ̀, èmi nìkan ni mo ń ṣí ìwé ìkẹfà wò. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn, tó ṣófo, ìwọ lo kọ nǹkan sí i. Mo mọ ọwọ́ rẹ. O kọ orí ọ̀rọ̀ sókè, o fa ilà sí i nídìí, o wá to nǹkan mọ́kànlá sísàlẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kan, o sì ti máàkì méjì. Ìwé kẹrin ni mo kà dé nílé ẹ̀kọ́, Òyìnbó mi kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀ nígbà tí a kọ ti Mariyah ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, nọ́ńbà, ẹrù, àti iye owó fún ẹni tí kò bá rí ẹrù rà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ iṣu àti oyin àti iyọ̀ lédè Òyìnbó. Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí iṣu, kò sí oyin, kò sí iyọ̀. Mo ní ah, ìdána Èkó rèé.

Inú mi dùn, Qaanitah, lẹ́yìn náà inú mi kò dùn mọ́. Ilé ìyàwó ló ń kọ ìwé ẹrù ìdána. Èmi sì ni ilé ìyàwó. Nígbà tí mo rò ó pé ìwọ fúnra rẹ lo jókòó kọ ẹrù ara rẹ bí ọmọ tí kò lẹ́nìkan, mo lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mo bi ara mi pé ṣé ọmọ yìí ti kà mí mọ́ òkú ni. Mo pè ọ́, obìnrin inú fóònù ló gbé e. Mo wá sọ fún Kọ́lápọ̀, kí n lè rí ẹni bá mi ru ú. Kọ́lápọ̀ sì ni ẹni tó máa ń gbàgbé pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ àṣírí.

Kó tó di ìrun Àsárì, wọ́n ti ń kí mi kú oríire. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, èrò kò dá nílé yìí. Àwọn obìnrin wá gbá àgbàlá, wọ́n fọ ìkòkò ńlá ìyá rẹ tí mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀ láti ọjọ́ ogójì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbé bẹ́ǹṣì wá láti ilé wọn, torí ti èmi nìkan kò tó. Wọ́n ń jiyàn lórí ọjọ́ yìgì, wọ́n ń béèrè orúkọ ọkọ lọ́wọ́ mi, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àgbà tó mọ̀. Ẹnìkan tilẹ̀ dáná níbi ààrò. Mi ò mọ ọkọ, mi ò mọ ọjọ́, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin lẹ́yìnkùlé mi, mo sì ń sùn dáadáa.

Tísà dé ní ọjọ́ kẹwàá. Mo gbé ìwé náà fún un kó ka ẹrù náà kí n lè mọ ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àna. Ó kà á, ó wò mí, ó tún un kà. Ó ní Bàbá, kì í ṣe ẹrù ìdána. Ó ní orúkọ ìwé ni àti irú ìwé, àwọn ìwé tí Qaanitah ń fẹ́ tí kò tíì rí. Mo ní kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì ni mo tún fi jókòó láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyẹn pẹ̀lú irọ́ nínú, Ọlọ́run dárí jì mí, kì í ṣe pé mo fẹ́ tan wọ́n, n kò fẹ́ kí wọ́n lọ ni. Nígbà tí mo sọ ọ́, wọn kò bínú. Wọ́n ní Ọlọ́run yóò ṣe tòótọ́. Wọ́n kó bẹ́ǹṣì wọn.

Mo rántí ìgbà kan ṣoṣo tí mo wá sọ́dọ̀ rẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Láti ilé àǹtí rẹ dé ojú ọ̀nà, mo kí ẹni mẹ́rìnlá, ẹnìkan ló dáhùn, ó sì rò pé aṣọ ni mo fẹ́ rà. Èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìwọ sì wà lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìwé lójú. Mo ní kò burú, ọmọ mi rí àyè. Lẹ́yìn tí àwọn bẹ́ǹṣì lọ ni mo tún un rò, mo wá rí i pé bóyá kò sí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ náà, tí o fi ń wá ẹni tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ nínú ìwé.

Tísà túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún mi. Mi ò ní kà á fún ọ, ìwọ lo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn àkọ́kọ́, ìwé tí ẹni inú rẹ̀ kò ní di olówó lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ràn èyí tí o ní kó sọ nípa àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà kọ́ ní Èkó, kó sì sọ ẹni tó ń sunkún nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. O fẹ́ ìwé tó nípọn tó lè tó ọ kà láti Ìtúnu Ààwẹ̀ dé Iléyá. O fẹ́ ìwé tí kò ní máa nawọ́ sí ọ lójú, ìwọ ṣe báyìí, ìwọ má ṣe báyìí. Èyí bà mí lẹ́rù díẹ̀, torí ìwọ ìwọ kún inú lẹ́tà tèmi náà, ṣùgbọ́n bàbá ni mí, mi ò kọ ọ́ fún títà.

Tísà dé orí ìkọkànlá, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. O kọ ọ́ pé: ìtàn tí ìyá mi máa ń pa bí a bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí nínú ààwẹ̀, mi ò mọ òpin rẹ̀, kò sí nínú ìwé kankan ní Ìdúmọ̀tà.

Mo mọ ìtàn náà. Obìnrin kan wà tó rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sọdá ọ̀sà lọ ra iyọ̀. Ó ní bí o bá ti ń rí èéfín mi, mo wà nílé. Ọmọ náà gba ọjà méje kọjá, ọjà tí ẹja ti ń ná èèyàn lówó, ọjà tí wọ́n ti ń ta bàtà ẹsẹ̀ kan, ọjà tí wọn kì í ti í ná nǹkan, ní ọjà kọ̀ọ̀kan á wẹ̀yìn, á rí èéfín. Ìyá rẹ máa ń fi nǹkan tuntun sínú àwọn ọjà náà lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dé òpin. Bó bá ti dé ọjà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ládàánì á pe ìrun Mọ̀gàríbì, ìyá rẹ á ní ó tó, ẹ mu omi, ó kù díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì á tún pa á láti ìbẹ̀rẹ̀, pé obìnrin kan wà. Mo máa ń gbọ́ yín láti pálọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gbọ́ ó kù díẹ̀.

Mo béèrè òpin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lórí ẹní àìsàn. Ó sọ ọ́ fún mi. Nítorí náà èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n láyé yìí, àfi bí ewúrẹ́ bá gbọ́.

Wàyí o, Tísà ti túmọ̀ ìwé ìkẹfà fún mi. Ìwé ọjà ni, ó ní kí èèyàn má ṣe tú gbogbo igbá rẹ̀ fún oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà, kó jẹ́ kí ebi rẹ̀ máa pa á, yóò padà wá. Mo ní èyí ni oògùn tó bá àìsàn mi mu. Ààwẹ̀ méjì ti lọ láti ìgbà tí àǹtí rẹ ti mú ọ lọ, o kò wálé nínú ọ̀kankan, torí ìgbà Ààwẹ̀ ni aṣọ ń tà jù. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo kọ lẹ́tà yìí dé ibi tí mo ti ní àfi bí ewúrẹ́ bá gbọ́ yẹn, mo sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé bí o bá fẹ́ gbọ́ òpin ìtàn ìyá rẹ, kí o wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi nínú Ààwẹ̀ yìí. Mo pa á dé. Ó wà lórí tábìlì láti Mọ́ńdè títí di òní Jímọ́ọ̀ tí mo kọ ọjọ́ sí òkè rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ìwé wọ̀nyẹn ní kí n ṣe, èyí nìkan ló ṣeé ṣe, èyí nìkan náà ni kò jẹ́ kí n lè jẹun. Ìyá rẹ kò ta ìtàn náà fún mi. Mo ti ya ìsàlẹ̀ yẹn kúrò. Gba òpin rẹ.

Ọmọ náà dé ọjà keje, ó ra iyọ̀, ó wẹ̀yìn, èéfín ṣì wà níbẹ̀. Ó gba ọjà méje náà padà. Nígbà tó dé ilé, iná ń jó, ìkòkò wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló jókòó tì í. Ìyá ti lọ láti ìgbà tí ọmọ wà ní ọjà kẹta. Bàbá rẹ̀ ni, ẹni tí ìtàn kò tilẹ̀ dárúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò mọ ọbẹ̀ ẹ́ sè, omi lásán ló gbé kaná, bó bá ti gbẹ, á tún bu òmíràn sí i, kí èéfín má baà dá. Ọmọ náà sọ ẹrù iyọ̀ kalẹ̀. Ó bu iyọ̀ sínú omi náà, àwọn méjèèjì sì mu ún.

Mo bi ìyá rẹ pé níbo ni bàbá yẹn ti wá, mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń pa á. Ó ní ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á fún òun náà, tàbí nítorí tèmi ló ṣe pa á bẹ́ẹ̀ lórí ẹní yẹn. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá.

Ó ti di tìrẹ báyìí, o kò nílò láti wá gbà á lọ́wọ́ mi. Bí ọjà kò bá jẹ́, dúró ta aṣọ, àwọn èèyàn gbọ́dọ̀ rí aṣọ wọ̀ lọ́jọ́ Ìtúnu. Bí nǹkan kékeré bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó kẹ́rósíìnì ìgò méjì ránṣẹ́ sí mi, owó òróró eékún, àti ti ìwé àjákọ méjì tó nípọn, mo fẹ́ kọ ọjà méjèèje sílẹ̀ kí o lè fi máàkì sí ìkọkànlá rẹ. Márùn-ún péré ni mo rántí. Bí kò bá sí, má ṣe yá owó, má sì jẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́.

Ọlọ́run yóò fi ẹni tí yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Ìwé tí o ń wá yóò wá ọ rí. Àtẹ̀gùn tí o jókòó lé kò ní yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Ọmọ tìrẹ náà yóò bi ọ́ ní ìtàn, o ó sì mọ òpin rẹ̀. Ọlọ́run yóò tẹ́ ìyá rẹ sí Àlùjánnà. Àmín. Kí àǹtí rẹ fún mi, má sọ ohun tí mo sọ nípa ìwé rẹ̀ fún un.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kàsímù Àlàó.

Mo gbàgbé ohun kan. Iyọ̀ ti tán nílé. Má fi rán awakọ̀.